Àkàbà Tó Sọ Ìyàwó Mi Di Olùkọ́

Èmi ni mo ní kó fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí bí àwọn èèyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ìyàwó mi nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ, bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé nínú ilé wa.

Ẹnjiníà ni ìyàwó mi. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àkàbà, bẹ́ǹṣì àti àwọn àga tó ṣeé ká pọ̀. Òun ló ń ya àwòrán ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, òun náà ló sì ń dán an wò kó tó jáde lọ sọ́jà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Tún-un-wọ̀n, torí kò sí irin tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Ó dáa o, àmọ́ ẹ tún un wọ̀n." Nílé, Ìyá Ìbejì lèmi ń pè é, nítorí àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn kán ni mo wà. Òun ń ṣe ohun tí kò gbọdọ̀ kán, èmi ń tọ́jú ohun tó ti kán. A máa ń fi ìyẹn pa ara wa lẹ́rìn-ín.

Orí irin kékeré kan ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ya ẹsẹ̀ àkàbà tó ń ká pọ̀, irin kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ ló máa bọ́ sínú ihò, òun ni yóò di ẹsẹ̀ méjèèjì mú kí wọ́n má baà yà kọjá bó ṣe yẹ. Ìka gan-an làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ni ọ̀gá tuntun bá dé. Ọ̀gá Kíá ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí kò ní fi "kíá" parí rẹ̀. Ó ní irin líle ti wọ́n jù, kí wọ́n wá irin mìíràn tó fúyẹ́ fi ṣe ìka náà, kíá.

Ìyàwó mi mú àkàbà mẹ́fà tó ní ìka tuntun, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó ń ṣí wọn tó sì ń pa wọ́n dé láìdúró. Ìka àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìka tuntun kán lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà àti díẹ̀. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kán. Kò sí èyí tó dé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Ọ̀gá Kíá rẹ́rìn-ín nígbà tó rí èsì náà. "Ẹnjiníà, ta ló ń ṣí àkàbà nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú ilé ẹ̀? Èèyàn á gùn ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti pààrọ̀ gílóòbù. Kó tó dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọmọ ọmọ ẹ̀ á ti jogún ẹ̀. Ẹ kọ 'fún ìlò inú ilé' sí i lára, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kíá."

Mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò bọ́ bàtà. Ó tẹ́ bébà tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí sórí tábìlì, ó fi àwo búrẹ́dì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún mi.

Mo bi í pé, "Ṣé irọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ní kó o kọ?"

"Kò sí. Fún ìlò inú ilé, ó tó. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

"Bó ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Wọn ò ní lé mi. Wọ́n á kàn fi mí síbẹ̀ bí àga àlòkù, wọ́n á wá fi ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀gá lé mi lórí." Ó jókòó. "Bàbá Ìbejì, torí pé a fẹ́ jẹran, ṣé ká wá máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ mí, mo ti dúró látàárọ̀, ebi sì ń pa mí. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, àkàbà ni o, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Fọwọ́ sí i ká jẹun."

Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Ká jẹun. Ó sì fọwọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Oṣù márùn-ún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Akunlé ni, ọ̀dà ṣì wà lára irùngbọ̀n rẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ náà kán. Mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé ṣòkòtò rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò lórí ìrora.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àkàbà ló yà lábẹ́ mi. Ó yà pẹrẹsẹ bí ìwé tí èèyàn ṣí."

Ọwọ́ mi dúró. Mo sọ fún ara mi pé àkàbà pọ̀ láyé. "Ṣé àkàbà àtijọ́ ni?"

"Tuntun ni. Mi ò tíì lò ó ju oṣù mẹ́rin lọ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣí i lóòjọ́?"

Ó yí ojú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ṣé àkàbà lẹ fẹ́ tọ́jú ni àbí èmi?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọgbọ̀n ìgbà. Kì í dín sí i. Láti yàrá dé yàrá, láti ògiri dé ògiri."

Ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ bébà tí mo fi ń kọ bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí ni mo ti ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó lé ọgọ́fà. Mo ya ẹ̀gbẹ́ bébà náà kúrò, mo rún un mọ́wọ́, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà mo padà lọ gé ṣòkòtò.

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi sọ fún ìyàwó mi. Bó bá wọlé, màá jáde. Bó bá jókòó tì mí, màá rántí aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ṣíbí lé tábìlì níwájú àwọn ọmọ, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ni?"

Mo ní kí àwọn ọmọ lọ sí yàrá wọn. Mo sọ fún un.

Kò sunkún, kò pariwo. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí. "Àwọ̀ wo ni àkàbà náà?" Mo ní mi ò rí i. "Ibo ni ọkùnrin náà ń gbé?" Mo mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ìwé wọ́ọ̀dù. Kò yẹ kí n sọ ọ́ síta. Mo sọ ọ́.

Àwa méjèèjì la jọ lọ. Ìyàwó akunlé náà mú wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n da àkàbà náà sí láàárín àwọn agolo ọ̀dà tó ti gbẹ. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ wá oríkèé àkàbà náà láìwò ó, bí ìyá ṣe ń wá ìdí bọ́tìnnì ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó yọ ìka náà jáde. Ìdajì péré ló kù nínú ihò, ojú ibi tó ti kán ń dán.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ìyàwó mi fi èékánná ha ọ̀dà kúrò lójú rẹ̀. Ó bi obìnrin náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ síbí yìí rí?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó kà á jáde. "Fún ìlò inú ilé." Ó gbójú sókè, ó wo èmi, ó wo ìyàwó mi. "Ṣebí inú ilé náà ló ń kùn?"

Ìyàwó mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Mo mọ̀ pé kò le tó ti àtijọ́. Mo mọ̀, mo sì fọwọ́ sí i."

Mo ń retí kí obìnrin náà gbá a létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde nílẹ̀. Èmi kọ́ ló já bọ́. Ẹ lọ sọ fún ẹni tó já bọ́."

A lọ. Akunlé náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi tán láìdá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó bi í, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè rárá: "Mélòó irú ẹ̀ ló wà níta?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá."

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá." Ó tún un sọ fún ara rẹ̀. "Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ìyàwó mi jáde ní wọ́ọ̀dù láì dúró dè mí. Ilé iṣẹ́ ló gbà lọ tààrà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá Kíá, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo àkàbà náà padà. Ọ̀gá náà ní ọkùnrin náà ni kò ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ìyàwó mi ní, "Bó bá tiẹ̀ kà á ńkọ́? Ṣebí inú ilé náà ló wà." Ọ̀gá náà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹnjiníà, ọwọ́ ta ló wà lórí ìwé yẹn? Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, orí ta ló máa wó lé? Ẹ rántí àwọn ọmọ yín. Ẹ lọ sinmi lọ́sẹ̀ kan, kíá."

Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò àkàbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọjà tí wọ́n ń tà fáráàlú, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú orúkọ gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju ọdún méjìdínlógún lọ. Kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń lọ lójoojúmọ́ torí ó fẹ́ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá wá ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n má baà kó àwọn ìka tó kán sọnù. Ó kó wọn sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ibikíbi tó bá ń lọ ló ń gbé e lọ, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun mọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí wọ́n ti jọ wà láti ọjọ́ kìíní, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá Tún-un-wọ̀n, igba èèyàn ló ń jẹun níbí o. Ẹ wọn ìyẹn náà." Nílé, bí fóònù bá dún, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wo ara wa. Ẹnì kan máa ń pè tí kì í sọ̀rọ̀, àfi kó máa mí.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá. Wọ́n dán àkàbà mìíràn wò fúnra wọn, ó kán. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo wọn padà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn, wọ́n rí èèyàn méje mìíràn tó ti já bọ́; kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Ilé iṣẹ́ náà san owó ìtọ́jú gbogbo wọn, ìjọba ò sì tì í pa. Ọ̀gá Kíá lọ, kíá. Akunlé náà padà dìde, ó ń fi ọ̀pá rìn, kò sì lè gun nǹkan kan mọ́. Ó ń po ọ̀dà fún àwọn ẹlòmíì báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé àkàbà tó kẹ́yìn wọlé ni ìyàwó mi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kó dúró. Ó ní ọwọ́ òun ló wà lórí ìwé náà.

Oṣù méje ló fi wà nílé. Kò sí ohun tó ní nọ́ọ̀tì nínú ilé wa tí kò tú. Bí mo bá fẹ́ jókòó, á ní kí n dìde kóun kọ́kọ́ wo ìdí àga náà. Àwọn ọmọ kì í gun àtẹ̀gùn níṣojú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé ló wá gbà wá. Òun ni olórí ẹ̀ka kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbèrò ohun èlò tí èèyàn á máa lò, látorí àwòrán títí dé ọjà. Ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọmọ yìí mọ àwòrán yà. Wọn ò mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ohun tí wọ́n yà bá dọ́wọ́ èèyàn. Wá kọ́ wọn."

"Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ síwèé?"

"Ìyẹn gan-an ni kó o fi bẹ̀rẹ̀."

Kò fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ àkàbà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé wọ kíláàsì: "Kí ló lè bàjẹ́ níbẹ̀?" Ọmọ á gbé fìtílà tó rẹwà wá, ìyàwó mi á ní kí ló lè bàjẹ́ níbẹ̀. Ọmọ á gbé báàgì ìwé wá, ìbéèrè kan náà ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Màmá Kí-ló-lè-bàjẹ́. Wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélógún ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sáà kìíní parí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é, ó ní, "O ń kọ́ wọn lẹ́rù, o ò tíì kọ́ wọn níṣẹ́." Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, àmọ́ kò yíwà padà.

Nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Wẹ́dà. Iṣẹ́ jíjó irin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ìyá bàbá rẹ̀ ti yọ̀ ṣubú rí ní bàlùwẹ̀, látìgbà náà ẹ̀rù ń ba màmá náà láti wẹ̀. Ni ọmọ náà bá ṣe àga ìwẹ̀ kan fún un: bí èèyàn bá fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga náà á rọra gbé e sókè, á sì rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi dán an wò títí, ó fọwọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fọwọ́ sí nǹkan kan láti ìgbà àkàbà. Mo mọ̀, torí pé kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi iṣẹ́ wọn han aráàlú dé. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo mú àwọn ìbejì lọ. Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ń mú àwọn àlejò káàkiri láti tábìlì dé tábìlì. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọmọ Wẹ́dà, ìyá àgbà ti bọ́ bàtà, ó ti di apá ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń rọra rẹ̀dí sílẹ̀ sórí àga náà.

"Màmá, ẹ má jókòó!"

Ohùn ìyàwó mi ni. Ó já wọ inú gbọ̀ngàn bí àwo tó fọ́. Gbogbo èèyàn yíjú. Bàbá ọmọ náà sáré di ìyá rẹ̀ mú.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá àgbà ló bèèrè.

Ìyàwó mi na ìka sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà, níbi tí wọ́n ti jó irin méjì pọ̀. Ibẹ̀ dúdú, ó wú bí ojú egbò. "Ibí yìí ò rí báyìí nígbà tí mo dán an wò."

Ọmọ Wẹ́dà ní, "Mà, ẹ ti fọwọ́ sí i. Ó ń mì díẹ̀ ni, bàbá mi tún un jó lánàá kó lè le sí i."

"A jẹ́ pé ohun tí mo fọwọ́ sí kọ́ nìyí."

Bàbá náà bọ́ síwájú. Èèyàn gíga ni, àpá iná pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mà, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jó irin. Géètì tẹ́ ẹ gbà wọlé, èmi ni mo jó o. Ìyá tó bí mi ló fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ṣé mo máa jó ìjókujòó fún ìyá mi?"

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló fi rín in. "Ẹnjiníà, àwọn àlejò wà nídùúró."

Mo mọ ojú ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé kò ní kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n máa dúró. Ẹ bá mi gbé àpò yanrìn wá." Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Màmá, ẹ má bínú, báwo lẹ ṣe wúwo tó?"

Ìyá àgbà ní, "Níwájú gbogbo ọkùnrin yìí?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé yanrìn wá, ìlọ́po méjì ìyá àgbà. Ìyàwó mi fa irin náà, àga náà gbé yanrìn sókè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kà á jáde. Nígbà tó dé ogún, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó dé àádọ́ta, àwọn àlejò kan ti ń rọra lọ sí tábìlì mìíràn. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, ohùn rẹ̀ ti há. Mo ń gbàdúrà lọ́kàn, mi ò sì mọ̀ bóyá kó kán ni mò ń bẹ̀ tàbí kó má kán. Ọmọ Wẹ́dà dúró, ó káwọ́ lérí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tó dé àádọ́jọ, wẹ́dà sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ tẹ̀ síwájú, mà. A ò kánjú."

Ó dé igba. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọn oríkèé náà. Kò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun kan. Ibi tó wú tó sì dúdú yẹn, ó kàn burẹ́wà ni.

Ìyàwó mi dìde. Ó lè sọ pé ìṣọ́ra ló mú òun ṣe é, ó lè fi ẹ̀rín bò ó. Ó dojú kọ wẹ́dà níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Mo ṣì í. Iṣẹ́ yín dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó tún sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà jókòó, àga gbé e sókè, àwọn tó kù níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọ Wẹ́dà ò wo ojú olùkọ́ rẹ̀.

Nílé, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. "Mo dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá ti dákẹ́, kò ní sí nǹkan kan. Ìgbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo dákẹ́. Ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́, mo pariwo. Bàbá Ìbejì, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?"

Mo ti fún un nímọ̀ràn rí. Mo jókòó tì í, mo bá a bọ́ bàtà.

Ó padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ Wẹ́dà ò wá sí kíláàsì. Kò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ti ń kọ lẹ́tà tó fẹ́ fi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀ka náà kó sì gba ilé rẹ̀ lọ, nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ náà ni, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dọ̀tí fún epo.

Kò kí i dáadáa. Ó ní, "Mà, mo gbé yanrìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fa àga yẹn nígbà ẹgbẹ̀rún méjì. Bàbá mi ní mò ń dí òun lọ́wọ́. Kò tíì kán. Ṣé ó ti tó àbí kò tíì tó?"

Ìyàwó mi sọ fún mi pé ó ṣe òun bíi kóun sọ pé ó ti tó, kí ìjà parí. Àmọ́ ó bi í pé, "Ta ló máa lò ó?"

"Màmá àgbà."

"Òun nìkan?"

Ọmọ náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ti ní kí bàbá mi ṣe márùn-ún fún àwọn. Àwọn arúgbó méjìlá ló wà níbẹ̀."

"Wọ́n ń wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Fi àpò ẹ sílẹ̀, ká lọ bèèrè."

Lójú ọ̀nà ló ti sọ ọ̀rọ̀ àkàbà fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ọkọ tó ní kó fọwọ́ sí i ká jẹun. Ọmọ náà ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀rù. Ẹ ò sọ ohun tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù fún wa. A rò pé àwa lẹ kórìíra ni."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi dúró níwájú kíláàsì, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Mẹ́rin nínú àwọn tó ti lọ padà wá nígbà tí sáà kejì wọlé. Kò fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ o, ó ṣì ń bi wọ́n ní kí ló lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó bi wọ́n, ó máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹni tó máa lo nǹkan náà, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́fà rèé. Ọmọ Wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, bó bá sì pe ìyàwó mi lórí fóònù, wákàtí kan kì í tó wọn. Bàbá rẹ̀ gan-an ti di olùkọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jó irin. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ gbé ìyàwó mi, mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti ìta.

"Mà, irin yìí le, mo ní ó le!"

"Bàbá, mo gbọ́. Ó le fún ta?"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ pé a ò ní tètè délé.